Báwo ni mo ṣe lè lọ ọ̀bẹ olójú méjì kí ìlà àárín rẹ̀ má wọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Irin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ó ti tó ọdún méjì báyìí tí mo ti ń fi ọ̀bẹ ṣíṣe ṣe ìgbafẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ mi, ọ̀bẹ olójú kan mọ́kànlá ni mo sì ti ṣe parí tí ojú kò tì mí láti fi han ènìyàn. Ní oṣù tó kọjá ni mo dán ọ̀bẹ olójú méjì wò fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo fẹ́ kó gùn ní mìlímítà 180, kó fẹ̀ ní mìlímítà 30 nídìí, kó sì máa tín-ín-rín lọ tààrà títí dé ṣóńṣó. Irin 1084, ìyẹn irú irin kan tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀bẹ, tó nípọn ní mìlímítà 5 ni mo lò, ẹ̀rọ kékeré kan tí bẹ́líìtì sáńpépà ń yí lára rẹ̀ ni mo sì fi lọ̀ ọ́.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ní ibi mẹ́rin tó da gẹ̀rẹ́, méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti pé ibi tí méjèèjì ti pàdé ni ìlà àárín. Tèmi tọ́ dáadáa fún nǹkan bí ìdajì ọ̀bẹ, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ejò. Nígbà tó fi máa ku mìlímítà 60 sí ṣóńṣó, ó ti ya sí apá ọ̀tún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Mo yí ọ̀bẹ náà padà, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ kejì ti ya lọ sí ọ̀nà tirẹ̀. Mo wá ń lọ díẹ̀ níhìn-ín, mo ń lọ díẹ̀ lọ́hùn-ún, pé mo ń tún un ṣe, títí ọ̀bẹ náà fi di ohun tí ènìyàn lè fi ṣí lẹ́tà. Ìkejì kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣóńṣó rẹ̀ sì tún di aláwọ̀ búlúù lójú mi kí n tó fà á kúrò lára bẹ́líìtì.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí ìlà náà fi ń tọ́ nídìí tó sì ń wọ́ ní ṣóńṣó, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ kan náà, igun kan náà, ni mo fi ń lọ̀ ọ́. Ṣé kí n wá ohun èlò tí yóò máa di igun mú fún mi ni, àbí ibòmíràn ni àṣìṣe mi wà?

Ewìrì

Akẹ́kọ̀ọ́, mo kí ọ. Ibòmíràn ni àṣìṣe rẹ wà, ìwọ fúnra rẹ sì ti sọ ọ́ láìmọ̀: o ní igun kan náà ni o ń lò láti ìdí dé ṣóńṣó, o kò sì sọ pé o kọ́kọ́ mú irin náà fẹ́lẹ́. Jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀.

Nídìí ọ̀bẹ, mìlímítà 15 ló wà láti etí dé àárín. Bí o bá fi mìlímítà 1 sílẹ̀ ní etí, bó ṣe yẹ kó o ṣe kí irin tó wọ iná tí yóò mú un le, gẹ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan ní láti gun mìlímítà 2 sókè láàárín mìlímítà 15 yẹn, èyí tó jẹ́ igun bíi dígírì méje àti ààbọ̀. Gẹ̀rẹ́ tó gbéra láti etí ní igun yìí yóò yọ sí ara irin ní àárín gan-an, ìdí nìyẹn tí ìlà rẹ fi tọ́ níbẹ̀. Ó wá ku mìlímítà 60 sí ṣóńṣó. Gbogbo ìbú ọ̀bẹ níbẹ̀ kò ju mìlímítà 10 lọ, nítorí náà mìlímítà 5 péré ni etí fi jìnnà sí àárín, ṣùgbọ́n irin náà ṣì nípọn ní mìlímítà 5 bó ṣe wà nígbà tí o rà á. Gẹ̀rẹ́ tó ní igun kan náà ṣì ń wá mìlímítà 15 kó tó yọ sókè. Yóò kọjá àárín, yóò sì kọjá etí kejì pàápàá, kò ní tíì yọ. Gẹ̀rẹ́ tí o kọ́kọ́ lọ̀ ti gba ilẹ̀ èkejì rẹ̀ kí èkejì tó dé, bí o bá sì fi èkejì lé e padà, òun náà á tún gba ti àkọ́kọ́. Ìjà ilẹ̀ ni ìlà rẹ tó ń rìn bí ejò yẹn.

Ohun tó yẹ kó o ṣe ni pé, kí gẹ̀rẹ́ kankan tó bẹ̀rẹ̀, kí o lọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní pẹlẹbẹ kí irin náà lè máa fẹ́lẹ́ lọ láti ìdí sí ṣóńṣó. Fún ọ̀bẹ tí o yà yìí, tí ìbú rẹ̀ ń dín kù tààrà, irin náà yóò nípọn ní mìlímítà 5 nídìí, mìlímítà 3 ní ìdajì ọ̀nà, àti nǹkan bíi mìlímítà 2.3 níbi tó ku mìlímítà 60 sí ṣóńṣó. Bí o bá dé àwọn ìwọ̀n yìí, igun kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ mọ̀ yóò yọ ní àárín níbi gbogbo. Bí ọ̀bẹ mìíràn bá ní ikùn bí ewé, kí ìnípọn rẹ̀ tẹ̀lé ìbú rẹ̀, kó dín kù níbi tí ìbú bá ti dín kù.

N kò sọ pé kí o mú ṣóńṣó fẹ́lẹ́ débi tí ìṣirò gbà á láyè. Ọ̀bẹ Fairbairn–Sykes tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún àwọn ọmọ ogun Bìrìtìkó ní ọdún 1941 lẹ́wà lójú, síbẹ̀ kíkán ṣóńṣó rẹ̀ wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n máa ń fi kàn án. Èmi a máa fi ìdá mẹ́rin mìlímítà kan kún un ní mìlímítà 40 tó gbẹ̀yìn, n óò sì gbé ọwọ́ díẹ̀ níbẹ̀ kí igun náà lè ga sí i.

Ìyá Fáìlì

Ewìrì ti sọ ọ̀rọ̀ náà délé. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìlà kíkọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ojú wọn lọ ọ̀bẹ olójú méjì, ojú kì í sì í rí ìdajì mìlímítà àfi nígbà tó bá ti pẹ́ jù.

Ẹ gé ọ̀bẹ náà jáde, kí ẹ fi fáìlì tọ́ etí rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì rí i dájú pé etí kan kò yọ ikùn ju èkejì lọ. Ẹ fi máákà dúdú tàbí aró búlúù tí wọ́n fi ń kun irin kun etí náà yí ká. Ẹ gbé irin náà lé orí gíláàsì tó nípọn tàbí òkúta pẹlẹbẹ, kí ẹ sì fi ohun ìfàlà tó ní ẹsẹ̀, èyí tí gíga rẹ̀ kì í yẹ̀, fa ìlà kan lára etí, ní ibi tí ẹ rò pé ó jẹ́ ìdajì ìnípọn. Ẹ yí irin náà padà, kí ẹ má fi ọwọ́ kan gíga ohun ìfàlà náà, kí ẹ tún fà á. Bí ìlà méjèèjì bá bọ́ sórí ara wọn, ẹ ti bá ìdajì pàdé. Bí wọ́n bá ya ara, àárín wọn ni ìdajì tòótọ́ wà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fa ìlà méjì tó fi mìlímítà 1 jìnnà síra, ìdajì mìlímítà lókè, ìdajì mìlímítà nísàlẹ̀. Àárín ìlà méjèèjì yìí ni ẹ kò gbọ́dọ̀ lọ̀ títí irin yóò fi ti inú iná dé.

Ẹ ṣe gbogbo èyí kí ẹ tó mú irin fẹ́lẹ́, torí pé lẹ́yìn tó bá ti fẹ́lẹ́, kò ní jókòó dáadáa lórí gíláàsì mọ́. Ìlà àárín ti ẹ̀gbẹ́ ni ẹ máa kọ lẹ́yìn fífẹ́lẹ́, nítorí pé lílọ̀ náà á pa á rẹ́. Kí ìlà náà mú, kó sì tín-ín-rín. Ìlà máákà tó fẹ̀ ní mìlímítà kan kì í ṣe ìlà, ojú ọ̀nà ni.

Ọlọ́wọ́ Òsì

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá wa àti Ewìrì. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni mo fẹ́ fi kún un, ẹ ó sì rí i láti inú orúkọ mi pé mo ti jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹ fún gẹ̀rẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní nọ́ńbà. Ẹ di ọ̀bẹ náà mú bí ẹni pé ẹ ń wo ṣóńṣó rẹ̀ láti iwájú, kí ẹ sì kà á yí po: kìíní àti ìkejì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, ìkẹta àti ìkẹrin wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kìíní àti ìkẹrin ló jọ ni etí kan, ìkejì àti ìkẹta ló jọ ni etí kejì. Kìíní àti ìkẹta ló dábùú síra wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìkejì àti ìkẹrin. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sára ìdí ọ̀bẹ tí yóò wọ inú èèkù.

Bí ẹ bá ti lọ kìíní tán tí ṣóńṣó kọjú sí òsì yín, tí ẹ wá yí ọ̀bẹ náà po lórí ara rẹ̀ láìyí ṣóńṣó padà, ìkẹta ni yóò kọjú sí bẹ́líìtì. Ọwọ́ kan náà ló ni kìíní àti ìkẹta. Láti lọ ìkejì tàbí ìkẹrin, ṣóńṣó ní láti kọjú sí ọ̀tún, ọwọ́ sì ní láti pààrọ̀ iṣẹ́. Nítorí náà, èmi a máa lọ kìíní, n óò lọ ìkẹta, n óò wá pààrọ̀ ọwọ́, n óò lọ ìkejì, n óò sì fi ìkẹrin parí, ìwọ̀nba díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, n kì í sì í lọ ẹyọ kan délẹ̀ kí n tó kan èkejì.

Àǹfààní nọ́ńbà náà hàn jù lọ nígbà tí nǹkan bá wọ́. Bí kìíní àti ìkẹta bá jọ ara wọn, tí ìkejì àti ìkẹrin sì jọ ara wọn, ṣùgbọ́n tí ìdílé méjèèjì kò jọra, ọwọ́ yín kan ni kò mọ iṣẹ́ tó èkejì. Bí kìíní àti ìkejì bá bára mu, tí ẹ̀gbẹ́ kejì lódindi sì yàtọ̀, ìlà etí yín kò sí ní ìdajì tàbí kí irin náà ti tẹ̀. Bí kìíní àti ìkẹrin bá fẹ̀ ju ìkejì àti ìkẹta lọ, ìlà àárín tí ẹ kọ sára ẹ̀gbẹ́ ni kò sí láàárín. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní kòtò kan náà ní ibi kan náà, ẹ yẹ pẹpẹ irin tí bẹ́líìtì ń gba iwájú rẹ̀ kọjá wò, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ó ti jẹ gbun. Ọdún kan gbáko ni mo fi bú ọwọ́ ọ̀tún mi kí n tó mọ̀ pé pẹpẹ náà ni.

Ẹ fi ìgúnpá mọ́ ìhà, kí ìbàdí àti ẹsẹ̀ jẹ́ ohun tí yóò máa gbé ọ̀bẹ lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́líìtì dé èkejì. Ọrùn ọwọ́ tó bá ń yí ló ń yí igun padà.

Ọmọ Owú

Ní ti ohun èlò tí yóò di igun mú: ó wúlò, mo sì ní ọ̀kan, ṣùgbọ́n igun kan ṣoṣo ló mọ̀. Bí irin bá ti fẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ, yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Bí kò bá tíì fẹ́lẹ́, yóò bá yín ba ọ̀bẹ jẹ́ ní ọ̀nà tó tọ́ tí ó sì yára. Ẹni tó ti ṣe ọ̀bẹ mọ́kànlá lè fi ọwọ́ lásán lọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá ní wíìlì tó tóbi lára ẹ̀rọ yín, ọ̀bẹ tí inú gẹ̀rẹ́ rẹ̀ ní kòtò díẹ̀ máa ń ní ìlà àárín tó mú ju ti pẹlẹbẹ lọ, nítorí pé kòtò méjì ló pàdé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń fẹ́lẹ́ lójijì lẹ́yìn etí, n kò sì lè gba ẹni tó ń kọ́ níyànjú pé ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Irin

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo fi kálípà wọn èyí tí mo bà jẹ́ lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ Ewìrì, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí: ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ni irin náà ti nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo tún kọ nọ́ńbà sí i gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́wọ́ Òsì ṣe wí, mo sì rí i pé ìkejì àti ìkẹrin jọ ara wọn nínú ìwà burúkú, nítorí náà ọwọ́ òsì mi náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò.

Mo ní ìbéèrè méjì sí i. Èkíní, bẹ́líìtì wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, ibo sì ni kí n dúró sí kí irin tó wọ iná? Èkejì, báwo ni ẹ ṣe ń mú kí ibi tí gẹ̀rẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti bẹ̀rẹ̀ nídìí bára mu? Tèmi dà bí àtẹ̀gùn.

Ìyá Fáìlì

Ẹ má fi bẹ́líìtì tuntun kan etí onígun mẹ́rin, torí pé etí náà á bọ́ gbogbo ẹnu rẹ̀ kúrò. Ẹ fi bẹ́líìtì tó ti gbó lọ igun etí náà ní dígírì 45 títí ẹ ó fi dé ìlà etí tí ẹ kọ, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi bẹ́líìtì 60 tuntun (bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ẹnu bẹ́líìtì ṣe rí gbágungbàgun tó) máa tẹ gẹ̀rẹ́ náà sẹ́yìn, kí ó máa gòkè láti etí lọ sí àárín. Nígbà tó bá ku mìlímítà kan ní apá kọ̀ọ̀kan ìlà àárín, ẹ dúró. Ẹ bọ́ sórí 120, kí ẹ fi gba ìdajì ohun tó kù. Pẹlẹbẹ tín-ín-rín kan yóò ṣì wà láàárín, bí okùn. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sínú iná. Gbogbo ọ̀bẹ olójú méjì tí mo ti rí tí ìlà rẹ̀ sọnù, àìnísùúrù pẹ̀lú okùn yìí ló fà á.

Ní ti ìdí, ẹ wá irin líle méjì tó tọ́, tí ẹ lè fi síkúrù dì mọ́ ọ̀bẹ lókè àti nísàlẹ̀, kí etí wọn bá ara mu pẹ̀lú ibi tí gẹ̀rẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Irin náà gbọ́dọ̀ le ju fáìlì lọ tàbí kó le tó o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fáìlì á jẹ ẹ́. Ẹ fi ẹ̀rọ dúró ní mìlímítà 3 sí i, kí ẹ sì fi fáìlì onígun yíyípo parí ìyókù, gẹ̀rẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti inú ìdè kan náà láìtú u. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí kò ní ìtìjú nínú: ẹ jẹ́ kí gẹ̀rẹ́ náà wọ abẹ́ irin ìdábùú tó wà láàárín ọ̀bẹ àti èèkù, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀bẹ kẹta, èyí ni èmi ìbá yàn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ó ká yín lára pé ó ń ni yín lára. Ẹgbẹ́ American Bladesmith Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, máa ń béèrè ọ̀bẹ márùn-ún lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba oyè ọ̀gá àgbẹ̀dẹ láàárín wọn, ọ̀bẹ olójú méjì onírin ìdábùú sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Ẹ̀mú

Kò sí ẹni tó tíì dáhùn ọ̀rọ̀ ṣóńṣó búlúù. Àwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ibẹ̀ ti gbóná tó nǹkan bíi 300°C. Bó bá ṣẹlẹ̀ kí irin 1084 tó wọ iná, kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, nítorí iná tí ẹ máa fi mú un le á pa ìyẹn rẹ́. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ti rọ̀, kò sì sí ohun tó máa mú un padà àfi kí ẹ tún gbogbo ọ̀nà iná náà rìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣóńṣó kò ní irin tó lè gba ooru mọ́ra, nítorí náà ìṣẹ́jú àáyá kan tó fún ìdí láti lọ́wọ́ọ́wọ́ ti pọ̀ jù fún un. Ẹ lo bẹ́líìtì tó mú, ẹ ti ọ̀bẹ bọ omi lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá, kí ẹ má sì dúró nígbà tí ṣóńṣó bá dé orí bẹ́líìtì. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ níbi ẹ̀rọ yìí. Ìka lásán ló ń mọ̀ pé ooru ti dé, ìbọ̀wọ́ sì lè wọ abẹ́ bẹ́líìtì kí ó sì fa ọwọ́ lọ.

Ìgbà tí ẹ bá ń lọ etí kan, etí kejì wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ ìka yín. Ewu yìí kò sí lára ọ̀bẹ olójú kan, òun ló sì fà á tí a kì í fi í pọ́n etí kankan títí iṣẹ́ yóò fi parí pátápátá. Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ọwọ́ yín ni ilé yẹn. Awò tó bo ojú dáadáa àti ìbòmú tó ń sẹ́ eruku irin kì í ṣe ohun tí a ń jiyàn lé lórí. Ẹ má sì lọ igi èèkù níbi tí irin ti ń ta iná, nítorí pé eruku igi máa ń gbé iná mì, ó sì lè jó lọ fún wákàtí púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ní ti iná gan-an, òòfà kì í fa irin mọ́ ní nǹkan bíi 770°C. 1084 fẹ́ kí ẹ kọjá ibẹ̀ díẹ̀, kí ẹ dé nǹkan bíi 815°C. Ẹ ti ṣóńṣó bọ inú òróró tí ẹ ti mú lọ́wọ́ọ́wọ́ sí bíi 55°C, kó wọlé ní òòró, kí ẹ máa gbé e sókè sódò, ẹ má fì í sí ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá tẹ̀ nígbà tó jáde, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ wà tí ẹ fi lè fi ọwọ́ inú ìbọ̀wọ́ tọ́ ọ kó tó tutù tán. Lẹ́yìn èyí, ẹ kò gbọ́dọ̀ fi agbára tẹ̀ ẹ́, torí pé yóò kán bí àwo. Ẹ gbé e sínú ófúùnù ní 200°C fún wákàtí méjì, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ìlà bẹ́líìtì tó jinlẹ̀ tó sì dábùú ara irin lè di ibi tí ó ti là nínú òróró, nítorí náà ẹ fi 120 lọ̀ ọ́ ní òòró kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Ẹ tún ka òfin orílẹ̀-èdè yín lórí ọ̀bẹ olójú méjì kí ẹ tó gbé e jáde kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ ibi ni kì í fi ojú kan náà wo òun àti ọ̀bẹ olójú kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ Irin

Mo padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irin kan náà. Fífẹ́lẹ́ nìkan gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ mi, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ kan ń fẹ́ ṣáájú èkejì, ìlà etí sì ń sọ òótọ́ fún mi lójoojúmọ́. Lẹ́yìn èyí, gẹ̀rẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. N kò rò pé ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Ó ti inú iná dé, ó sì tọ́. Ìṣòro tó kù ni pé okùn tí ìyá wa ní kí n fi sílẹ̀ kò wà láàárín gan-an ní mìlímítà 20 tó gbẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó fi bí ìdajì mìlímítà sún mọ́ etí kan. Ṣé kí n gbé e padà sórí ẹ̀rọ?

Ìyá Fáìlì

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Irin náà ti le, ṣóńṣó sì ti tín-ín-rín. Ẹ̀rọ á gba ìdajì mìlímítà yẹn lójú ẹsẹ̀, á sì gba ohun tó kọjá bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ sáńpépà ni ó kù.

Ẹ fi kílàmpù de ọ̀bẹ náà mọ́ orí pákó tó fẹ̀ jù ú lọ, kí etí kankan má yọ síta níbi tí ọwọ́ lè yọ̀ sí. Ẹ fi sáńpépà 120 wé irin pẹlẹbẹ kan tó le, ẹ má lo rọ́bà tàbí ohunkóhun tó rọ̀, nítorí pé ohun tó rọ̀ máa ń tẹ̀ yí ìlà àárín ká, ó sì ń sọ ọ́ di roboto. Ẹ mú gẹ̀rẹ́ ẹyọ kan, kí ẹ lẹ téèpù bo èkejì títí dé ìlà. Kí irin náà máa rìn ní òòró láti ìdí sí ṣóńṣó, kí ó jókòó dáadáa lórí gẹ̀rẹ́, kí ó má sì gba orí ìlà kọjá láé.

Okùn tó sún mọ́ etí kan túmọ̀ sí pé gẹ̀rẹ́ tó wà ní apá kejì, èyí tó fẹ̀ jù, ti gba ju ìpín tirẹ̀ lọ. Ẹ fi í sílẹ̀. Gẹ̀rẹ́ tó kéré ni kí ẹ máa fi sáńpépà gbà, yóò sì máa ti ìlà padà sí àárín fúnra rẹ̀. Ẹ kun ìlà náà ní máákà ní gbogbo ìgbà mẹ́wàá-mẹ́wàá tí ẹ bá fà á kí ẹ lè rí ibi tó dé. Nígbà tí okùn bá tín-ín-rín bí irun, ẹ bọ́ sí 220, lẹ́yìn náà 400, kí gẹ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan sì gba iye kan náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Irin

Ó gba wákàtí mẹ́rin lórí ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan. Okùn ti parẹ́ báyìí, ìlà ló kù, ó sì tọ́ láti ìdí títí dé ibi tó ku mìlímítà 6 sí ṣóńṣó, níbi tí ó ṣì yẹ̀ díẹ̀ bí ènìyàn bá gbé e sábẹ́ iná. Mo fi kálípà wọn etí méjèèjì, ìyàtọ̀ wọn kò tó ìdámẹ́wàá mìlímítà kan. Mo ti gé irin ti ẹ̀kẹrin, ọwọ́ òsì mi ni yóò sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.